ÌFARABALẸ̀

Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò bìkítà, a máa ń ní ó ní ìfarabalẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: fi ara balẹ̀. Ara ni, wọn ò tíì dárúkọ ọkàn. Bí odò Okpara bá kún níhà Ṣábẹ̀ wa níbí, tí ìyá kan gbé ọmọ tí ibà ń ṣe sínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, ọkàn rẹ̀ ò lè balẹ̀. Síbẹ̀ ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ọkọ̀ má bàa dojú dé. Ṣé ẹ̀tàn ni? Rárá. Nínú ìjì, Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ tú àṣírí àwọn atukọ̀ tó fẹ́ sá, kó tó bu àkàrà, tó dúpẹ́, tó jẹun. Àwọn 276 ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà fọ́, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀.