Àgbò Méjì, Koto Kan: Ohun Tó Fa Ogun Róòmù àti Carthage

Bí ìjòyè méjì bá ń figa gbága láàfin, tàbí tí ọ̀gá méjì kò gbọ́ra wọn yé níléeṣẹ́ kan, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Gbogbo wa á káwọ́ gbera, bí ẹni pé àkúnlẹ̀yàn àwọn méjèèjì ni ìjà náà, tí kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ìlò yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. A ti sọ òwe tó yẹ kó jẹ́ ìkìlọ̀ di àwáwí.

Ẹ jẹ́ ká wo inú òwe náà dáadáa. Inú koto jìn, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀. Bí àgbò kan bá ti orí bọ̀ ọ́, ìwo rẹ̀ ti gba ẹnu koto kan. Bí èkejì bá tún ti orí tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ìwo á kan ìwo, koto á dojú dé, omi á ṣòfò, òùngbẹ á sì wà lọ́fun àwọn méjèèjì. Òwe kò sọ pé òùngbẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò sọ pé ọ̀kan kò lè dúró de èkejì. Kò sì sọ pé kò sódò nítòsí. Nítorí náà, bí omi bá ti dànù, ìbéèrè ṣì kù nílẹ̀: ta ló ti orí bọ koto nígbà tó rí i pé orí ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀?

Ìtàn Róòmù àti Carthage ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Carthage, tí àwókù rẹ̀ wà létí òkun ní Túnísíà títí dòní, ìlú tí àwọn Fòníṣíà láti Tírè tẹ̀ dó ni. Òwò orí òkun ni wọ́n fi ń jẹun, ọmọ ogun tí wọ́n fowó háyà ló sì ń jà fún wọn jù. Àgbẹ̀ tó ń jagun ni ará Róòmù, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo Ítálì tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀tá ni ìlú méjèèjì látilẹ̀wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Polybius, òpìtàn ọmọ Gíríìkì tó gbé ní Róòmù, ròyìn àwọn àdéhùn tí wọ́n fín sára idẹ. Ó ka ti àkọ́kọ́ sí nǹkan bí ọdún 509 ṣáájú ìbí Jésù, ó ní èdè inú rẹ̀ ti gbó débi pé àwọn amòye Róòmù fúnra wọn làágùn kí wọ́n tó lóye rẹ̀. Wọ́n sọ ibi tí ọkọ̀ Róòmù kò gbọdọ̀ kọjá, wọ́n sọ ìlú tí Carthage kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nígbà tí Pyrrhus, ọba Epirus, gbógun wọ Ítálì, wọ́n tún jọ ṣàdéhùn láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ó lé ní 200 ọdún tí àgbò méjì yìí fi mumi tí ìwo kò kan ìwo.

Sicily ni koto, ẹnu rẹ̀ sì ni ìlú Messana, tí à ń pè ní Messina lónìí. Omi tó yà á kúrò lára Ítálì kò ju nǹkan bíi kìlómítà 3 lọ níbi tó ti tóóró jù. Àwọn ọmọ ogun àháyà kan láti Campania, tó ń pe ara wọn ní Mamertini, ti bá Agathocles, ọba Syracuse, ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó kú, Messana gbà wọ́n lálejò. Àlejò yíjú padà, ó pa nínú àwọn onílé, ó lé àwọn yòókù jáde, ó sì pín aya àti ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Hiero ti Syracuse wá ṣẹ́gun wọn, tí wọn kò rọ́nà gbà mọ́, apá kan ké sí Carthage, apá kan ké sí Róòmù. Carthage ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Ibí yìí gan-an ló yẹ ká ti fara balẹ̀. Ní Rhegium, ní òdìkejì omi náà, àwọn ọmọ ogun tí Róòmù fúnra rẹ̀ fi ṣọ́ ìlú ti hu irú ìwà yìí kan náà. Ní 270, Róòmù gba ìlú náà padà, ó kó èyí tó kù nínú wọn, tí wọ́n lé ní 300, wá sí gbangba ìlú Róòmù, ó nà wọ́n, ó sì bẹ́ wọn lórí. Ọdún 6 péré lẹ́yìn náà ni ẹ̀bẹ̀ Messana dé. Báwo ni ẹni tó bẹ́ ọ̀daràn lórí níhìn-ín omi yóò ṣe gbèjà ọ̀daràn lọ́hùn-ún? Polybius ní ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù jíròrò títí, wọn kò lè fẹnu kò. Ìtìjú dí wọn lọ́wọ́, ẹ̀rù sì ń tì wọ́n lẹ́yìn: bí Carthage bá gba Messana, ìṣísẹ̀ kan ló kù kó fi wọ Ítálì. Àwọn aráàlú ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà, aráàlú tí ogun àtẹ̀yìnwá ti sọ di aláìní. Àwọn olórí ogun bá wọn sọ ti ẹ̀rù, wọ́n sì sọ ti ìkógun tí yóò kan olúkúlùkù. Wọ́n dìbò pé kí ogun lọ. Mo gbà pé ẹ̀rù wọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí ìkógun fún ló ń sọdá omi.

Ọwọ́ Carthage náà kò mọ́. Ó pẹ́ tó ti ń bá àwọn Gíríìkì Sicily du erékùṣù náà. Nígbà tí ọ̀gágun rẹ̀ jẹ́ kí Messana bọ́, wọ́n kàn án mọ́gi. Ìlú tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó fà sẹ́yìn kò ní rí ẹni tí yóò gbà á nímọ̀ràn pé kó fà sẹ́yìn mọ́. Ká sì má gbàgbé pé ẹnu ẹnìkan la ti ń gbọ́ ẹjọ́ yìí. Philinus, ọmọ Sicily tó gbè sẹ́yìn Carthage, kọ ọ́ pé àdéhùn kan ka Sicily léèwọ̀ fún Róòmù. Polybius ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ìwé Philinus ti sọnù. Ẹnu ẹni tó ń jà á níyàn la ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó sọ. Àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ogun náà gba ọdún 23. Ní 241, Carthage jáde ní Sicily, ó sì gbà láti san 3,200 tálẹ́ǹtì fàdákà láàárín ọdún 10. Bó bá jẹ́ pé koto kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀, ìjà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun àháyà ti mú kí Carthage rù kan eegun, Róòmù gba Sardinia mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tún bu 1,200 tálẹ́ǹtì lé gbèsè rẹ̀. Polybius, tó fẹ́ràn Róòmù, sọ gbangba pé kò sí àwáwí tó lè gba èyí dúró. Òun ló kọ́ wa láti ya ìdí ogun sọ́tọ̀ kúrò lára ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí Hannibal, ọ̀gágun Carthage, ṣe dó ti ìlú Saguntum ní Sípéènì ní 219 jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ogun kejì. Sardinia ló kà sí ìdí tó tóbi jù.

Carthage pàdánù ogun kejì náà. Nígbà tó fi máa di 149, ó ti fi 300 ọmọ àwọn ọlọ́lá rẹ̀ dógò, ó ti kó ohun ìjà rẹ̀ fún Róòmù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó pàṣẹ fún un pé kó tú ìlú rẹ̀ ká, kó lọ tẹ òmíràn dó níbi tó jìnnà sí òkun tó nǹkan bíi kìlómítà 15. Àwọn èèyàn tó jẹ́ pé òkun loko wọn! Ta ló máa wá pe èyí ní ọ̀rọ̀ àgbò méjì? Wọ́n ti ìlẹ̀kùn odi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ohun ìjà tuntun tọ̀sán-tòru, ó sì gba Róòmù ní ọdún 3 kó tó wọ ìlú náà.