Igbe Àjẹ́ Àná

Bí ènìyàn bá dúró ní Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń rọ̀ lọ sí ìwọ̀, tí àwọn ọlọ́kadà ń pe èrò, tí àwọn alákàrà sì ti gbé agbada kaná, tí ó wá bi ọmọdé kan tí ń kọjá lọ pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú yìí, ọmọ náà kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn pé ẹni tí ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni. Orí jagunjagun yìí tí a gé, tí a gbé lọ síwájú Aláàfin, ni ó di orúkọ ìlú. Ìlú mélòó ni orúkọ wọn ti tú òpin ìtàn ara wọn kí asọ̀tàn tó la ẹnu? Síbẹ̀, nígbà tí Olóyè Lérè Páímọ́, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ aṣọ Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, ẹni tí ó gé orí náà, nínú eré Ògbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, àwọn tí ó ti mọ òpin ọ̀rọ̀ náà láti inú orúkọ ìlú wọn gan-an ni ó jókòó tí wọn kò lè mí kanlẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ yóò kú. Ìgbà tí ọfà yóò fi ọrun sílẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìbẹ̀rẹ̀ irú eré bẹ́ẹ̀, àwọn ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú fíìmù tí ń mú àyà já, kí a lè mọ ohun tí olùdarí ń fi ṣe wá tí a fi ń di àga mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí a kò mọ̀ ni ó ń bà wá lẹ́rù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé ejò wà lórí àjà, híhanrun ni yóò máa hanrun; ẹni tí ó gbọ́ pé nǹkan kan rìn lórí àjà ni oorun dá lójú rẹ̀. Alfred Hitchcock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi irú fíìmù báyìí di ìlú mọ̀ọ́ká, sọ ohun tí ó jọ èyí: pé bí àdó olóró bá ṣàdédé bú lábẹ́ tábìlì, jìnnìjìnnì ìṣẹ́jú àáyá 15 ni òǹwòran yóò rí gbà, ṣùgbọ́n bí a bá ti fi àdó náà hàn án ṣáájú, tí àwọn tí ó jókòó sídìí tábìlì sì ń sọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, yóò làágùn fún ìṣẹ́jú 15 gbáko.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ní èdè tí ó kúrú ju ìyẹn lọ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ìdájọ́ ni a máa ń fi òwe yìí ṣe, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ sinimá tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ. Igbe kọ́kọ́ wá, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, òkú ọmọ wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ àjẹ́ hàn wá lọ́rùn ọmọ náà. Àwòrán méjì ni a tò síra wọn. Abẹ́rẹ́ àti òwú tí ó rán wọn pọ̀, ojú àwa òǹwòran ni wọ́n wà.

Fritz Lang mọ̀ ọ́n lò ní ilẹ̀ Jámánì ní 1931, nínú fíìmù rẹ̀ tí lẹ́tà kan ṣoṣo, M, jẹ́ orúkọ fún. Ọmọdébìnrin kan ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Òjìji ọkùnrin kan bọ́ sórí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ òpó láti fi wá apànìyàn. Lẹ́yìn náà, ìyá ọmọ ń pe orúkọ rẹ̀ sínú àtẹ̀gùn òfìfo, bọ́ọ̀lù yí jáde láti inú koríko, bàlúùnù tí a rà fún un há sára wáyà. Ó parí. A kò rí ikú kankan, ṣùgbọ́n gbogbo wa ti sin ọmọ náà.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ti ilẹ̀ wa ni a fẹ́ tọpa rẹ̀, kí á kọrí sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí Aláàfin Abípa wà lórí ìtẹ́ ní Igbóho, níbi tí àwọn ọba Ọ̀yọ́ ti ń ṣe àtìpó lẹ́yìn tí ogun Tápà ti lé wọn kúrò nílé, ó pinnu láti kó ààfin padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí ilé àti oko wọn ti fìdí múlẹ̀, kò fẹ́ ìrìn náà rárá, ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú Ikú Bàbá Yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, kí ó ní òun kò lọ? Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé. Gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ìjòyè kọ̀ọ̀kan rán ènìyàn kan lọ ní kọ̀rọ̀ sí ahoro ìlú náà: Baṣọ̀run rán abuké, Aláápìnni rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, Lágùúnà rán aràrá, títí wọ́n fi pé 6. (Ìwà ìkà ni láti sọ ẹni òrìṣà di ohun ìdẹ́rùbani, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè mọ ojú tí ará ìgbà náà fi ń wò wọ́n.) Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ọba dé láti wo ilẹ̀, òru dé, wọ́n gbọ́ igbe láti inú òkùnkùn pé àyè kò sí, àyè kò sí.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: ohùn ṣáájú ara. Bí àwọn ìránṣẹ́ bá ti rí abuké ní ọ̀sán gangan, wọn ì bá kí i, kí wọ́n sì kọjá. Ohùn tí kò ní ojú, lórí ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá ti sá kúrò, ni ó sọ ènìyàn ẹlẹ́ran ara di iwin. Àjẹ́ ti ké. Ó ku kí ọmọ ẹnìkan kú kí ọ̀rọ̀ lè parí. Ṣùgbọ́n ọba náà kò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹbọ tu iwin lójú. Ó rán ọdẹ 6. Àwọn ọdẹ mú iwin wọ̀nyí láàyè, wọ́n fà wọ́n wá. Ọba kò sọ nǹkan kan síta. Ó pe àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ, wọ́n jókòó, ó ní kí a gbé ọtí wá, olúkúlùkù sì rí iwin tirẹ̀ tí ó gbé ọtí ka iwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, èyí ni iwin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tí ó wádìí eré alárìnjó, tọ orísun eré náà dé ìdí ìtàn yìí. A jẹ́ pé láti inú ìdẹ́rùbani tí àṣírí rẹ̀ tú ni eré orí ìtàgé wa ti jáde.

Èyí ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ fíìmù Kúnlé Afọláyan, Aràròmirẹ́ tí a tún ń pè ní The Figurine, èyí tí ó jáde ní 2009. Kí a tó rí Fẹ́mi, kí a tó rí Ṣọlá, kí a tó mọ Mona tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn, a ti kọ́kọ́ mú wa lọ sí abúlé àtijọ́ kan, níbi tí àwòrò ti gbẹ́ ère òrìṣà, tí òrìṣà fún wọn ní ọdún 7 ọlá, tí ọdún náà sì pé, tí ohun gbogbo dojú rú. Ìgbà yẹn ni a tó gbé wa dé ibùdó àwọn àgùnbánirọ̀ ní 2001, tí Ṣọlá sì mú ère kan jáde láti inú ojúbọ ahoro. Láti ìgbà tí ó ti fọwọ́ kàn án ni a ti ń ka ọdún lórí ìka. Ọlà dé, a ní òrìṣà ni. Àjálù dé, a ní a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn ń ṣiṣẹ́ níwájú wa, tí Fẹ́mi fi ìfẹ́ tí kò rí gbà hun ìkà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ti gba ojú wa mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, a mọ̀ ọ́n lówe, a kò sì wo ẹ̀yìn ẹ̀fà náà.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn aláìmọ̀wé nìkan ni a ń bá wí. Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ní 1898 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Baptist sílẹ̀ níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí rẹ̀ kò níye, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ ẹnìkan takìtì lẹ́yìn ìjà àná, kí o gbọ́ ohun tí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí yóò sọ. Ìdí sì wà tí a fi ń wá igbe àná: a ní nígbà tí orí ń bọ̀ wá sáyé, ó kúnlẹ̀, ó yan ìpín, ó rò ó fún Oníbodè, ó sì gbàgbé gbogbo rẹ̀ bí ó ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó pẹ́ dé ilé sinimá ni ọmọ aráyé: ìbẹ̀rẹ̀ eré ti kọjá kí ó tó wọlé, ó ń fi ọwọ́ tọ́ aládùúgbò pé kí ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè yìí kan náà ni a ń gbé lọ sọ́dọ̀ babaláwo, lọ sọ́dọ̀ àáfà, lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Èmi kò bú ẹni tí ó béèrè. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ bá parọ́ fún ni àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìyàtọ̀ wà láàrin igbe àti ìmùlẹ̀ o. Nínú Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí ní 1999, májẹ̀mú láàrin ọba Jogbo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìlù wà níbẹ̀, adé idẹ wà níbẹ̀, àwọn tí ó gbọ́ wà láàyè. Nígbà tí ìlù náà wá dún sí ẹni tí kò mulẹ̀, ìdájọ́ ni. Igbe òru kò ní ẹlẹ́rìí.

Àwọn fíìmù tí ń jáde nísinsìnyí kò tilẹ̀ ní sùúrù láti ké igbe náà dáadáa. Orin ti ń pariwo pé kí a bẹ̀rù kí a tó rí ohun tí a ó bẹ̀rù. Afọláyan ní tirẹ̀ ní sùúrù. Ó parí eré rẹ̀, ó sì bi àwa òǹwòran léèrè ohun tí a gbà gbọ́, kò dáhùn fún wa. Mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti àjálù ìkẹyìn, Fẹ́mi ni mo dá lẹ́bi. Ti ọdún 7 ọlá tí ó ṣáájú rẹ̀, àwọn ọdẹ mi kò tíì dé.