Àlejò Tó Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Wá

Àwọn àgbà wa gbà pé ọ̀run ni ènìyàn ti yan ohun tó máa dà láyé. Ó lọ sílé Àjàlá, ó mú orí, ó dé ayé tán, ó gbàgbé. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, Bíbélì ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti kékeré. Ó bi mí ní ohun kan tí ìwàásù kankan kò tíì dáhùn tẹ́ mi lọ́rùn: bí a bá ti yan èyí tó tóbi jù níbi tí a kò lè rántí, èwo ló kù tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwa la yàn án?

Mo wá sí Amẹ́ríkà torí pé ọkọ mi ti wà níbẹ̀. Mo ń ṣe nọ́ọ̀sì torí òun ni ìwé tí mo kà bá mu. Houston la ń gbé torí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ní yàrá tó ṣófo nígbà náà. N kò ráhùn, Ọlọ́run ti ṣe é ní rere. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ohun tí mo yàn láìsí ẹni tó ń tì mí lẹ́yìn, nǹkan kéékèèké ni màá tọ́ka sí. Ọ̀kan nínú wọn ni òpin ọ̀sẹ̀ kan ní October 2025, tí èmi àti ọmọ mi ọkùnrin wakọ̀ lọ sí Baton Rouge, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, láti lọ wo bọ́ọ̀lù yunifásítì. Texas A&M ni ọmọ mi wà. LSU, yunifásítì tó wà ní Baton Rouge, ni àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ bá nílé.

Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí a mọ̀ n'Íbàdàn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, wọ́n á gbá a mọ́ àyà, wọ́n á sì máa sáré. Àwọn ará Texas kì í fi ọjọ́ rẹ̀ ṣeré rárá. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni tàwọn ọmọ girama, Sátidé ni tàwọn yunifásítì, ọjọ́ Àìkú ni tàwọn tó fi í ṣiṣẹ́ jẹun. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti ọdún 1961 tí kò jẹ́ kí àwọn tó fi í jẹun gba alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Sátidé mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n lásìkò eré wọn. Ìlú tó bá fi òfin ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún eré ọmọ, ó ti sọ díẹ̀ fún wa nípa ohun tó kà sí mímọ́.

Ọjọ́ Sátidé yẹn náà ni ọ̀rẹ́ wa kan ń ṣe ọgọ́ta ọdún. Mo ti san owó aṣọ ẹbí, wọ́n ti rán an. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí n kì í fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré, pè mí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

“Aṣọ wà nílẹ̀, gèlè wà nílẹ̀, o ní bọ́ọ̀lù lo ń lọ wò nílé àwọn tí kò mọ̀ ẹ́ rí. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ College Station ni, mo mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹ nìyẹn. Kí ni èrè ẹ̀?”

Mo ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Ọmọ ló bẹ̀ mí.”

“Ọmọ á tún bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ míì.”

Ìbéèrè wọn tọ́ sí ìdáhùn gidi, torí òun ni gbogbo àwa tí a kó wá síbí fi ń wọn ọjọ́ wa. Wákàtí ni wọ́n ń san owó fún wa. Ṣífútì tó wà nílẹ̀ lónìí, owó ilé ni, tàbí owó ilé ẹ̀kọ́, tàbí owó tí a máa fi ránṣẹ́ sí màmá nílé. Òde gan-an ní èrè tirẹ̀: bí mo bá lọ sí tìẹ, wàá wá sí tèmi. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí à ń sìn sinmi ní ọjọ́ keje, kò sì sí èrè kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó rí gbà nínú ìsinmi náà. Ó wo ohun tó ṣe, ó rí i pé ó dára, ó dáwọ́ dúró. Mo gbà pé ọjọ́ tí ènìyàn kò bi léèrè èrè sún mọ́ ọjọ́ ìsinmi yẹn ju ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú tí mo ti fi kánjú jọ́sìn kí n lè tètè dé ibi iṣẹ́.

Ti pé Àǹtí ní bó bá jẹ́ College Station, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Pápá Kyle Field tó wà níbẹ̀ gba ènìyàn tó lé ní 102,000, tiwa ló sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí ohun tí yóò dán ènìyàn wò níbẹ̀. Ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Ojú ọ̀nà I-10 la gbà, Beaumont, Lake Charles, Lafayette. Lẹ́yìn Lafayette ni afárá Atchafalaya bẹ̀rẹ̀, ó gùn tó máìlì 18, gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àbàtà àti igi tó dúró sínú omi. Ọmọ mi sùn lọ níbẹ̀, ó gbé orí lé fèrèsé bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. N kò tan rédíò.

Ní Baton Rouge, láti àárọ̀ ni wọ́n ti pàgọ́ sídìí ọkọ̀ wọn yí pápá náà ká, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń lu orin. Bí wọ́n bá ti rí aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú ti A&M lára ẹni, wọ́n á pariwo “Tiger bait!”, pé oúnjẹ ẹkùn ni ẹ́. Ẹkùn alààyè tiẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń pè é ní Mike, nínú ọgbà tí wọ́n kọ́ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Obìnrin kan tó ti tó ìyá mi lọ́jọ́ orí pariwo yẹn mọ́ wa títí ohùn rẹ̀ fi há. Bó ṣe pariwo tán, ó bi wá bóyá a ti jẹun. Ìkòkò irin dúdú ńlá kan wà níwájú rẹ̀, ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ àti sọ́séèjì, ó sì ń fi igi gígùn bíi ti ọkọ̀ ojú omi rò ó. Ó ha ìdí ìkòkò, níbi tó ti gbẹ díẹ̀, ó bù ú lé àwo ọmọ mi lórí, torí ó ní ibẹ̀ ló dùn jù. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ náà la máa ń jà sí nílé wa.

Mo rántí Òkèbàdàn. Lọ́jọ́ ọdún yẹn, ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí lè dúró lójú títì kó bú ẹ ní èébú tí a kò lè kọ síhìn-ín, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ bínú, torí ọjọ́ náà ló fàyè gbà á. Èébú tí ọjọ́ bá fàyè gbà kì í ṣe ìkórìíra. Mo ti pẹ́ tó ní Amẹ́ríkà láti mọ èkejì, èyí tí kì í pariwo, tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni nídìí tábìlì, tí kò sì ní fi oúnjẹ lọ̀ ẹ́. Èmi yan obìnrin oníkòkò yẹn ju ìyẹn lọ.

Inú Tiger Stadium ń dún ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Ní October 1988, nígbà tí LSU borí Auburn níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka ìmìtìtì ilẹ̀ nínú yunifásítì náà gba ariwo àwọn èrò sílẹ̀. Àwọn ọmọ A&M kì í jókòó. Ní January 1922, akẹ́kọ̀ọ́ kan, E. King Gill, kúrò láàárín òǹwòran, ó wọ aṣọ eré, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá torí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń fara pa. Eré náà parí, wọn kò pè é wọlé. Títí dòní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró nítorí rẹ̀. Ìtàn yìí wọ̀ mí lára ju ìtàn àwọn tó jẹ góòlù lọ, torí ìdúró tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n má pe ẹni ni ọ̀pọ̀ àdúrà mi. Mo dúró ti ọmọ mi títí ó fi parí.

LSU ló ń ṣíwájú, 18 sí 14, nígbà tí wọ́n lọ sinmi. 49 sí 25 ló parí sí fún wa, A&M kò sì tíì borí níbẹ̀ láti ọdún 1994 títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ni LSU lé Brian Kelly, olùkọ́ni wọn, tí wọ́n fún ní ìwé iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tó tó mílíọ̀nù 95 dọ́là ní 2021. Ó bà mí lọ́kàn jẹ́, kì í ṣe torí owó rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fi owó báyìí lé eré ọmọ lórí, òfin 1961 nìkan kò lè dáàbò bo ọjọ́ náà mọ́.

Kí a tó dórí ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ilé ìtura wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wọ àwọ̀ LSU. Wọ́n sún fún wa lórí bẹ́ǹṣì. Ìwàásù náà dá lórí bí Ábúráhámù ṣe sáré jáde lọ pàdé àlejò ní Mámúrè láìmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Láti ọdún tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀gbẹ́ Ábúráhámù ni wọ́n ti ń wàásù rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbẹ́ àlejò ni mo fi gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn: àwọn náà ló yàn láti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì yàn láti jókòó.

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ọmọ yín yóò pè yín lọ́jọ́ kan pé kí ẹ bá òun lọ wo eré. Ẹ gba àyè níbi iṣẹ́, ẹ bá a lọ. Bó bá sì ní kí ẹ mú èyí tó bá yín lára mu, ẹ má mú ti ilé, ẹ mú ti ilé onílé.