Ìmọ̀ Ọwọ́ Awakọ̀

Ǹjẹ́ a lè sọ pé ènìyàn mọ ohun kan, bí ó bá ń ṣe é lójoojúmọ́ láìṣìṣe ṣùgbọ́n tí àlàyé tí ó ń ṣe nípa rẹ̀ kò tọ̀nà? Awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tàbí tí ń kó èrò lọ sí Ìpògún, lè rò pé ìbéèrè yìí kò kan òun, nítorí bí wọ́n bá bi í bí a ṣe ń bọ́ sí apá òsì láti kọjá lára tírélà, kíá ni yóò dáhùn pé a ó yí sítíárìn sí òsì, a ó sì dá a padà sí àárín.

Ìdáhùn náà kù káàtó. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2002, Guy Wallis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ afarawé ìwakọ̀, èyíinì ni sítíárìn tí a gbé kalẹ̀ níwájú àwòrán ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń yà, dán àwọn awakọ̀ wò. Wọ́n ní kí wọ́n bọ́ láti ìlà kan sí èkejì nígbà tí wọn kò rí ọ̀nà mọ́. Àwọn awakọ̀ yí sítíárìn, wọ́n dá a padà sí àárín, wọ́n sì rò pé ó parí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ṣì kọjú sí ẹ̀gbẹ́, tí ó ń lọ sínú igbó. Yíyí sí apá kejì, tí í mú ọkọ̀ tọ́, ni wọ́n fò, ohun tí ọwọ́ wọn kì í gbàgbé bí ojú bá ti ríran. Ojú títì gan-an, ní ìlú Edinburgh, ni Michael Land àti David Lee ti ṣe ìwádìí tiwọn tí ó jáde ní 1994, níbi tí wọ́n ti rí i pé ojú awakọ̀ ti ń wo etí inú kọ́nà ní bíi ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì kí ọwọ́ tó yí.

Àwọn awakọ̀ fúnra wọn kì í sọ pé gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn nìkan: nígbà ọdún Ògún ní ìlú Oǹdó, àwọn awakọ̀ máa ń bá àwọn alágbẹ̀dẹ bọ òrìṣà irin. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí pẹ̀lú ń gbàdúrà ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó rọrùn láti pe èyí ní ẹ̀rù lásán. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń dúpẹ́ pé ọwọ́ òun ṣe déédéé súnmọ́ òtítọ́ ju ẹni tí ó rò pé gbogbo rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ọgbọ́n òun, bí àwọn ìwádìí náà kò tilẹ̀ jẹ́rìí sí Ògún tàbí kí wọ́n takò ó.

Pé ọwọ́ mọ ohun tí ẹnu kò lè ṣàlàyé kò mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn awakọ̀. Eré àsápajúdé, táyà tí ó ti jẹ tán àti ọtí, tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń bá jà láti 1988, kì í ṣe ọ̀ràn ọwọ́ tí ń dá ṣiṣẹ́; ẹni tí ó ń wakọ̀ ni ó yàn wọ́n, kò sì sí ẹ̀rọ afarawé kankan, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kú, tí ó lè wọn irú yíyàn bẹ́ẹ̀ tán.