Ta Ni Yóò Dúró Ti Ọmọ Tí Kò Ga Tó?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé a máa ń pa á láìronú sí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọlidé ilé-ìwé bá ti wọlé ní ìparí oṣù Keje, tí àwọn ìdílé wa ní Peckham bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ láti lọ sí ọgbà eré, a ó rí i pé òwe náà ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe láàrin wa.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ bí ó ti máa ń rí. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti wà nínú kúlà láti òru. Àwọn kan yóò wọ ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye lọ sí Clapham Junction, kí wọ́n tó bọ́ sínú èyí tí ń lọ sí Chessington. Àwọn mìíràn yóò gba Waterloo lọ sí Windsor, níbi tí Legoland wà láti ọdún 1996. Àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà díẹ̀ yóò forí lé Thorpe Park, lẹ́bàá Staines. Owó ti jáde lápò, àwọn ọmọ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn nítorí ayọ̀. Nígbà tí a bá dé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó bá ọ̀pá ìwọ̀n níbẹ̀, a ti fàlà sí i lára. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá kan ìlà náà kò ní wọlé. Ẹ̀gbọ́n ga tó, àbúrò kò ga tó, ẹkún sì bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ta ni ó yẹ kí ó dúró ti ọmọ tí kò ga tó?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ọ̀pá náà láre. Àwọn òbí kan gbà pé òṣìṣẹ́ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni kò láàánú. Wọ́n á ní, “Ọmọ mi ti pé ọdún méje, ó gbọ́n ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àga ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni, kò sì mọ ọgbọ́n. Ara ni ó mọ̀. Irin tí ń de èèyàn mọ́ àga, ìwọ̀n ara ni a fi ṣe é. Bí ara bá kéré jù, àyè yóò ṣẹ́ kù láàrin irin àti itan tàbí èjìká, ọmọ sì lè yọ́ bọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá yí po. Stealth, tí ó wà ní Thorpe Park láti ọdún 2006, ga ju mítà 60 lọ, eré rẹ̀ sì tó máìlì 80 ní wákàtí kan. Ẹni tí kò bá ga tó mítà 1.4 kò gbọdọ̀ gùn ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò ti tó ọdún 10 tàbí 11 kí wọ́n tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó tóbi náà ní ìwọ̀n tiwọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ní Orlando ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan já bọ́ láti orí ẹ̀rọ gíga kan, ó sì kú. Ara rẹ̀ wúwo ju ìwọ̀n tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fi lélẹ̀, àwọn olùwádìí sì rí i pé a ti yí àga rẹ̀ padà tí àyè abẹ́ irin fi fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, òbí tí ó bá di aṣọ sínú bàtà ọmọ, tàbí tí ó ń sọ fún un lábẹ́lẹ̀ pé kí ó dìde lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀, ẹ̀mí ọmọ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Ó sì ti kọ́ ọmọ náà, lójú àwọn àbúrò rẹ̀, pé a lè purọ́ bí irọ́ bá ti lè mú inú wa dùn.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò sì ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọ ọdún mẹ́fà ni a ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Kí ni olùkọ́ ṣe? Ó ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba àárín orí, kí ó fi kan etí kejì. Bí ọwọ́ bá tó etí, ọmọ wọlé. Bí kò bá tó o, ó di àmọ́dún. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá àgbà wa ni a fi etí wọn wọ̀n báyìí. Wọ́n sì ń sọ fún wa pé àwọn ọgbọ́nkọ́gbọ́n kan máa ń dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọwọ́ lè tètè débẹ̀, tí olùkọ́ á sì gbá orí náà mú kí ó dúró gangan. Ẹni tí a dá padà lọ́dún kan wọlé lọ́dún kejì, ó kàwé, ó sì di èèyàn.

Bí ọ̀pá bá jàre, ó ku àwa. Èrò mẹ́ta ni a máa ń bá pàdé láàrin àwọn ìdílé wa.

Èkíní ni ti àwọn tí ó ní bí ọ̀kan kò bá lè gùn ún, kí gbogbo wọn má gùn ún. Ó jọ ìfẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ àbúrò di ẹrù lọ́rùn ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 11 tí ó ti ń ka oṣù títí ó fi ga tó kò ní gbàgbé ẹni tí ó dí i lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ọmọ kékeré náà kò mọ ohun tí ó ṣe.

Èkejì ni ti àwọn tí ó ní olúkúlùkù ni ó ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ẹni tí ó bá lè gùn kí ó gùn, ẹni tí kò bá lè gùn kí ó fara mọ́ ọn. Àwọn àgbà sì ti fèsì fún irú èyí tipẹ́: àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ̀kẹta ni a kì í sọ jáde, bẹ́ẹ̀ òun ni a ń ṣe jù. Òun ni pé kí ìyá wọn dúró, tàbí kí àkọ́bí obìnrin dúró. Bàbá àti àwọn ọmọkùnrin á gùn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún tò sórí ìlà. Ìyá ni yóò wà lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ pẹ̀lú báàgì, kóòtù, kúlà àti ọmọ tí ń sunkún. Bí ìyá bá fẹ́ simi, a ó ké sí ọmọbìnrin ọdún 12 pé, “Ṣé ìwọ kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ni?” Orúkọ ẹ̀gbọ́n dára, iyì ni fún ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ohun dídùn bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ nìkan ni a ń rántí pé ẹ̀gbọ́n ni, yóò kórìíra oyè náà kí ó tó dàgbà.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Nílé, nínú agbo ilé, ìdúró kì í ṣòro. Ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó ilé ń gún iyán, àwọn ọmọ aládùúgbò ń ṣeré lábẹ́ igi. Ẹ̀gbọ́n lè fi àbúrò sílẹ̀ fún wákàtí kan, ojú mẹ́wàá ni yóò máa wò ó. A gbé àṣà náà wá sí Peckham, ṣùgbọ́n a kò gbé agbo ilé náà wá. Nínú fúláàtì, òbí méjì ni ó wà, ẹlòmíràn sì ń dá nìkan tọ́ ọmọ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ọjọ́ orí pàtó tí a lè fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni bí a bá fi í sílẹ̀ níbi tí ewu ti lè bá a. Ohun tí èèyàn mẹ́wàá ń pín ṣe nílé ti wá bọ́ sórí ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ wo ọ̀ràn àwọn ìbejì, nítorí òun ni ó le jù. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn ibi tí a ti ń bí ìbejì jù láyé, a sì mọ̀ ọ́n ní àṣà pé ohun tí a bá rà fún Táyé ni a ó rà fún Kẹ́hìndé. Kódà bí ọ̀kan bá kú láyé àtijọ́, ìyá a máa gbẹ́ ère fún un, a máa wẹ̀ ẹ́, a sì máa fún un ní oúnjẹ. Nígbà náà, bí Táyé bá ga ju Kẹ́hìndé lọ ní ìka méjì péré, ṣé kí Táyé gun ẹ̀rọ kí Kẹ́hìndé máa wò?

A rò pé ìdáhùn wà nínú orúkọ wọn. Táyé ni ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni Yorùbá pè ní ẹ̀gbọ́n. Òun ni ó rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó wá jíṣẹ́ bóyá ayé dùn. Ẹni tí ó lọ ṣáájú jẹ́ ìránṣẹ́. Ẹni tí ó dúró ni àgbà. Nítorí náà, Táyé lè lọ. Ṣùgbọ́n ó ní láti padà wá jíṣẹ́ fún Kẹ́hìndé, kì í ṣe kí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kẹ́hìndé pẹ̀lú sì gbọ́dọ̀ ní òbí kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan fún àkókò náà. Áísìkiriímù nìkan kò tó fún un: kí a mú un lọ gun èyí tí ó ga tó, kí àwa náà sì gùn ún pẹ̀lú rẹ̀, kí á pariwo bí ọmọdé.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹ wọn àwọn ọmọ lára ògiri kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ tó gbọ́ “rárá” lẹ́nu àjèjì. Bí òbí bá jẹ́ méjì, ẹ pín ìdúró náà ní dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọgbà eré ní ètò tí òbí kan fi ń dúró ti ọmọ, tí yóò sì gùn lẹ́yìn èkejì láìtún ìlà tò. Ẹ béèrè rẹ̀ bí ẹ bá débẹ̀. Bí àkọ́bí bá dúró lẹ́ẹ̀kan, kí ó jẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ilé.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe dá lọ. Kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa owó pọ̀, kí wọ́n jọ jáde, kí ìyá tí ó ń dá nìkan tọ́ ọmọ wà láàrin wọn. Níbi tí àgbà mẹ́fà bá wà, ìdúró ẹnì kan kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ, olúkúlùkù ni yóò sì gun nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹgbẹ́ wà fún nìyẹn ní ìlú òkèèrè: kí ó jẹ́ agbo ilé fún ẹni tí agbo ilé rẹ̀ jìnnà.

Ọmọ tí kò ga tó lónìí yóò ga tó lọ́dún tí ń bọ̀ tàbí lẹ́yìn èyí. Yóò gun ẹ̀rọ náà títí yóò fi sú u. Ẹni tí ó dúró tì í nígbà tí kò tíì ga tó ni kò ní gbàgbé.