Àdúrà Àṣírí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ná. Àdúrà wo la máa ń gbà jù nílé wa? Bí a bá yọ ti owó àti ti ọmọ kúrò, èmi rò pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àṣírí wa tú" ni. Ìyá mi ń gbà á láàárọ̀, ó ń gbà á lálẹ́, èmi náà sì máa ń ṣe Àmín tó dún ketekete. Ọdún tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù àtijọ́ kan ni mo tó bi ara mi pé, ṣé gbogbo àṣírí ló yẹ kí Ọlọ́run bò?

Ẹ má rò pé irọ́ ni mò ń pa o. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mi sí nígbà tí bàbá mi ń kàwé níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìwé kò dí mi lọ́wọ́. Kí n tó wọ yunifásítì, mo lo ọdún kan àti díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Pennsylvania. Iṣẹ́ tí mo rí wà ní pápákọ̀ òfurufú kékeré kan tó jẹ́ kìkì koríko. Mò ń fọ bàálù, mò ń gé koríko. Bàbá arúgbó kan níbẹ̀ ní Piper J-3 Cub kan tí wọ́n ṣe ní 1946. Ó ní bí mo bá lè máa bá òun tọ́jú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, òun á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe Cub yìí fún yín. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania yẹn náà, ní ìlú Lock Haven, ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, kí wọ́n tó ṣíwọ́ ní 1947 wọ́n sì ti ṣe èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000. Yẹ́lò ni gbogbo ara rẹ̀. Kò ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń yí. Ẹnì kan ló máa dúró níwájú, á fi ọwọ́ yí fáànù kí ẹ́ńjìnì tó dáhùn, ẹ́ńjìnì ọ̀hún kò sì ju agbára ẹṣin 65 lọ. Bó o bá fẹ́ mọ epo tó kù, wáyà kan yọ sókè níwájú, orí kọ́ọ̀kì tó léfòó nínú táńkì ló dúró lé. Bí epo bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wáyà náà ń rì. Ìjókòó méjì ló ní, ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì, bó bá sì jẹ́ ìwọ nìkan lo fẹ́ gbé e, ẹ̀yìn lo máa jókòó sí. Egungun ara rẹ̀, irin tín-ín-rín. Orí egungun yẹn, aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, tí wọ́n kùn títí ó fi le bí awọ ìlù.

Táyà rẹ̀ ló mú kó ṣòro. Ọ̀pọ̀ bàálù kéékèèké ìsinsìnyí, táyà kan wà lábẹ́ imú, méjì wà lẹ́yìn. Ti Cub, méjì ńlá ló wà níwájú, kékeré kan wà lábẹ́ ìrù. Ìyẹn ni àwọn Òyìnbó ń pè ní "tailwheel". Ibi tí ìwúwo rẹ̀ pọ̀ sí wá bọ́ sẹ́yìn táyà ńlá méjèèjì. Ẹ wo dírẹ́bà tírélà. Bó bá ń lọ síwájú, ẹ̀yìn á máa tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Àmọ́ bó bá ń fi í rìn sẹ́yìn, tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ báyìí, àpótí ẹ̀yìn á yà, bí kò bá sì tètè tún ọwọ́ ṣe, tírélà á ká sínú ara rẹ̀ láàárín títì. Bí Cub ṣe rí nìyẹn nígbà tó bá ń sáré lórí ilẹ̀. Bí imú bá yà díẹ̀, ìrù á fẹ́ di iwájú, bó sì ṣe ń bọ̀ ni agbára tó ń tì í á máa pọ̀ sí i, títí bàálù á fi pòyì, tí ìyẹ́ kan á sì fi etí ha ilẹ̀. Bàálù tó ní táyà lábẹ́ imú a máa tọ́ ara rẹ̀ padà fún ọ. Cub kò mọ irú àánú yẹn. Òfin Amẹ́ríkà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: yàtọ̀ sí àwọn tó ti ń wa irú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1991, kò sí awakọ̀ tó lè ṣe ọ̀gá nínú rẹ̀ àfi bí olùkọ́ bá fọwọ́ sí i nínú ìwé rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n wà.

"Ẹsẹ̀!" ni Bàbá máa ń pariwo. "Ẹsẹ̀ rẹ dà?" Pẹ́dà ni wọ́n fi ń tọ́ ọ, ẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sinmi. Bàbá ní kí n máa pe òun lórúkọ, mo ní rárá sà, ẹ ju bàbá mi lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bó o ṣe fẹ́ nìyẹn. Àmọ́ má dúró dìgbà tó o bá rí i pé ó ti yà. Ìgbà tó o bá rí i, ó ti pẹ́."

Lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, èmi nìkan ni mo gbé e. Ìgbà kẹfà rèé tí Bàbá máa jẹ́ kí n dá gbé e, ó sì ti lọ jẹun nílé. Mo balẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ kan koríko lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn, ẹsẹ̀ mi sì sinmi. Afẹ́fẹ́ kékeré kan fẹ́ wá láti ọ̀tún. Kí n tó tẹ pẹ́dà, ayé ti ń yí. Ó pòyì, ìyẹ́ òsì fi etí ha ilẹ̀, ó wá dúró, ó kọjú sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Ẹ́ńjìnì kú. Mo ń gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo etí ìyẹ́ náà. Àwọ̀ koríko ló wà lára rẹ̀, àti ìlà kan bí ìgbà tí èékánná bá ha ni. Mo fi àkísà nù ún, ó lọ. Mo wò yíká, kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Olúwa, o ṣeun tó o bo àṣírí mi." Mo fọwọ́ ti bàálù padà sí ààyè rẹ̀. Nígbà tí Bàbá dé, ó ní báwo ni. Mo ní dáadáa ni sà. Ó ní ó dára, pé ọ̀la òun fẹ́ gbé ọmọ ọmọ òun lọ wo odò látòkè. Ọmọ ọdún 12 ni.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Aṣọ yẹn ni mò ń rò. Ohun tó bá ṣẹ́ nínú ìyẹ́, aṣọ á bò ó, á máa dán, á máa tàn. Aṣọ kò mọ ohun tó ń bò.

Mi ò wá fi àdúrà ìyá mi ṣẹ̀sín o. Ìgbà kan wà tí wọn kò san owó oṣù bàbá mi fún oṣù mélòó kan. Ìyá mi á gbé ìkòkò kaná lójúmọmọ kí àwọn alábàágbé má bàa mọ̀ pé a kò ní nǹkan tá a máa sè. Àṣírí nìyẹn, ta ló pa lára? Ọlọ́run bò ó, ó sì ṣeun. Àmọ́ àṣírí tèmi yìí, ọmọdé kan máa jókòó lé e lórí lọ́la. Ìyàtọ̀ tí mo rí rèé: àṣírí tó jẹ́ pé èmi nìkan ni ìtìjú rẹ̀ máa bá, ó yẹ kí n gbàdúrà lé e. Èyí tí ẹlòmíràn máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ gbé, kì í ṣe tèmi mọ́. Òun ló ni ín, mo kàn jí i pa mọ́ ni.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́lì, ó ní, "Ìwọ náà! Ṣebí Òyìnbó lo bá pàdé. Gbìyànjú ẹ̀ níbí, kó o wò ó bóyá wọn ò ní lé ẹ." Kò parọ́. Ẹni tí wọ́n bá nà nítorí pé ó sọ òótọ́, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́. Àmọ́ àwọn Òyìnbó náà, ẹ̀kọ́ ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1974, bàálù akérò kan tó fẹ́ balẹ̀ nítòsí Washington forí sọ òkè kan ní Virginia, èèyàn 92 sì kú. Ìwádìí fi hàn pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú àṣìṣe yẹn níbẹ̀ gan-an. Wọ́n sọ ọ́ nílé-iṣẹ́ tiwọn, kò dé etí àwọn tó kù. Ní 1976 ni wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí NASA ń bójú tó. Awakọ̀ tó bá ṣèèṣì ṣẹ̀ sí òfin, tí kò sì di jàǹbá, á kọ ọ́ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. NASA á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ han gbogbo ayé, bó bá sì ti tẹ̀ lé ìlànà, wọn kò ní torí ẹ̀ gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ ò rí i bí? Wọ́n bo èèyàn, wọ́n tú àṣìṣe. Ní tiwa, a máa ń bo àṣìṣe, tó bá wá já, a ó tú èèyàn síta gbangba.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo kan ilẹ̀kùn Bàbá. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Kò bínú, kò sì yìn mí. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n má gbé ọmọ wá mọ́. A lọ síbi bàálù, ó mú ọ̀bẹ, ó la aṣọ ìyẹ́ náà níṣojú mi. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, ó fọwọ́ pa á, ó tún wò ó.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹ́, kò sí ohun tó tẹ̀.

Kí n sọ tòótọ́, inú bí mi. Mo ti tú àṣírí ara mi lásán! Bàbá wò mí, ó ní, "Ìgbà tó ṣẹlẹ̀ sí ìgbà tó o sọ fún mi, wákàtí mélòó ni?" Mo kà á. Mo ní mẹ́rìndínlógún ni sà. Ó ní, "Bàálù tó pòyì, ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa. Wákàtí mẹ́rìndínlógún yẹn ni mi ò mọ ohun tí mo máa fi ṣe." Oṣù méjì gbáko ni kò fi jẹ́ kí n dá gbé e. Mo fi ọwọ́ mi bá a lẹ aṣọ tuntun mọ́ ìyẹ́ náà, mo kùn ún. Kí n tó padà wálé, ó jẹ́ kí n tún dá gbé e lẹ́ẹ̀mejì péré.

Ìyá mi ṣì ń gba àdúrà rẹ̀. Mo ṣì ń ṣe Àmín. Àmọ́ nísinsìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó lé ohun tí mo ní kí Ọlọ́run bò, nítorí náà Àmín tèmi máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.