Ǹjẹ́ Ìpéjọ Orí Fóònù Jẹ́ Ìpéjọ Bí?

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń bi àwa alàgbà, a sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ níwọ̀n bí Olúwa ti fún wa ní òye mọ. Wọ́n ní: bí ìjọ bá fi fóònù ṣe àríyá Kérésìmesì, tí ará Èkó jókòó s'Ékòó, tí ará Glazoué jókòó sí Glazoué, tí oníkálùkù sì ń rí ojú ẹnì kejì, ṣé Ọlọ́run ka irú rẹ̀ sí ìpéjọ? Àwọn kan ní eré ọmọdé ni. Àwọn mìíràn ní kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn wá sí ilé Ọlọ́run.

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á rántí Kérésìmesì ọdún 2020. Ọdún àrùn Kòrónà ni. Ẹnubodè Nàìjíríà tí wọ́n ti tì láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, oṣù Kejìlá ọdún 2020 yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá náà, ìjọba pàṣẹ pé ará ilé kan kò gbọdọ̀ wọ ilé òmíràn lọ bá wọn ṣe ọdún. Káàkiri ayé ni àwọn onígbàgbọ́ ti fi fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe àríyá. Àwọn tó ni Zoom, tí wọn kì í jẹ́ kí ìpéjọ ọ̀fẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 40, mú òfin náà kúrò fún ọjọ́ Kérésìmesì.

Àwa náà ṣe é ní Glazoué níbí. Lẹ́yìn ìsìn, a gbé fóònù kan lé orí àpótí níwájú, àwọn ọmọ wa tó wà ní Kùtọnù, ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù sì yọjú. A dá orin, wọ́n gbè é. Àwọn ìyá gbé àwo ìrẹsì sókè kí àwọn ará òkèèrè lè rí i, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin wa kan ti béèrè láti Lọ́ńdọ̀nù pé, "Ẹ̀yin bàbá, ìyá àgbà tó máa ń jókòó lẹ́bàá ògiri dà? N ò mà rí wọn o." A ní, "Wọ́n ń bọ̀." A sì ń bá orin wa lọ.

Ìyá kò wá. Ilé wọn kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kẹta ni a tó rán ènìyàn lọ. Ibà ló dá wọn dùbúlẹ̀, ọmọ aládùúgbò kan ló ń bu omi fún wọn. Wọn kò bínú sí wa. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Mo gbọ́ orin yín láti orí ẹní mi. Mo rò pé ẹ ó rán ọmọ wá." Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lọ́kàn wa títí di òní.

Ẹ wò ó, ará. Ta ló wà nínú ìpéjọ lọ́jọ́ náà? Ìyá gbọ́ ohùn wa láìlo fóònù, síbẹ̀ a kò bá wọn pé jọ. Àwa tí a wọ sutánà, tí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a kò mọ̀ pé ẹnì kan dín. Ẹni tó wà lókè òkun ló kà wá, tó rí i pé a kò pé. Àwọn kan yóò ní fóònù ló jẹ̀bi. Rárá o. Fóònù kọ́ ló dáhùn pé "Wọ́n ń bọ̀." Àwa ni.

A kò sọ pé Ọlọ́run kì í gbọ́ ẹni tó dá wà. Papa Oshoffa, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 1947 wọ́n wọ igbó lọ wá igi, wọ́n sì wà níbẹ̀ nǹkan bí oṣù mẹ́ta, láìsí ìjọ, láìsí akọrin. Ọlọ́run gbọ́ wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ní Àjàṣẹ́, Olúwa kò ní kí wọ́n máa dá gbàdúrà lọ. Ìjọ ni Ó ní kí wọ́n dá sílẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí ohùn nìkan bá tó, kí ló ń gbé wa lọ sí Ìmẹ̀kọ ní Kérésìmesì?

Kérésìmesì fúnra rẹ̀ ló dá ẹjọ́ yìí. Ó pẹ́ tí Ọlọ́run ti ń ránṣẹ́ sí ayé láti ẹnu àwọn wòlíì. Iṣẹ́ náà dára, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀ ọjọ́ pé tí Ó wá fúnra Rẹ̀, nínú ara tí òtútù lè mú, tí ebi lè pa. Àpọ́sítélì Jòhánù náà kọ̀wé sí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú Olúwa, ó ní ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n ó wu òun kí àwọn fojú rinjú. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Nítorí náà, èyí ni ìdáhùn wa. Fún ẹni tó wà lókèèrè àti ẹni tí àìsàn dè mọ́lẹ̀, ìpéjọ orí fóònù jẹ́ ìpéjọ, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá tó kàn ń ṣe ìmẹ́lẹ́, kì í ṣe ìpéjọ, àwáwí ni. Ṣùgbọ́n yálà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lórí fóònù, ibi tí a kò bá ti ka ara wa, tí ẹnì kan dín tí ẹnì kankan kò sì dìde, ariwo lásán ni a pa níbẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn inú àkàwé Jésù kà wọ́n ni ó fi mọ̀ pé ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ti sọnù. Kò sì ní, "Ó ń bọ̀." Ó lọ.

Láti ọdún náà, a kì í bu oúnjẹ àríyá kí á má kọ́kọ́ pe orúkọ. Àwọn tó wà lókèèrè ń bá wa wò ó, nítorí ojú wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lè gbé àwo. Ẹsẹ̀ tiwa ló wà nílẹ̀. Ẹni tí kò ní fóònù, ẹni tí kò rówó ra mẹ́gà, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, àwo tirẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ bù, ọmọ kan á sì gbé e lọ kí á tó gbàdúrà sí tiwa.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a gbọ́ orin ara wa kí á má rí ara wa. Àmín. Halleluyah!